Ariwo Fáàfù àti Táímìn Kámù lẹ́yìn Títún Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Tò: Àlàyé lórí Wíwá Orísun Àléébù

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ariwo tí ó máa ń jáde láti orí ẹ́ńjìnnì alùpùpù lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá ti tú u palẹ̀ tí ó sì ti tò ó padà. Ó fi hàn pé ohun méjì ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí: táímìn kámù tí ó ṣì kúrò ní ipò rẹ̀, àti ààyè tàpẹ́ẹ̀tì tí kò bá ìwọ̀n mu. Ó tún ya àwọn àléébù mìíràn sọ́tọ̀, èyí tí ohùn wọn jọ ti fáàfù ṣùgbọ́n tí orísun wọn wà níbòmíràn. Ẹ́ńjìnnì oníṣéènì irú ti Honda C70 àti Bajaj Boxer, pẹ̀lú ti Honda CG125 tí ó ń lo gíà, ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Kókó rẹ̀ ni pé etí ni ó ń tọ́ka sí àléébù, ìwọ̀n ni ó ń ṣe ìdájọ́. Àti pé kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó bá dákẹ́ ni ara rẹ̀ yá.

Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, alùpùpù ti kúrò ní ohun ìgbafẹ́. Ó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Òun ni ó ń gbé kòkó àti iṣu láti oko wá sí ojú títì, òun ni ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní abúlé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè dé. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe èyí tí ó ń gbé èrò, ìyẹn ọ̀kadà, wá láti ara Okada Air, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Bí ẹ́ńjìnnì irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá kọṣẹ́, owó ojoojúmọ́ ti dúró nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé owó díẹ̀díẹ̀ ni ọlọ́kadà ń san fún ẹni tí ó gbé alùpùpù fún un, gbèsè kò ní dúró de ẹ́ńjìnnì.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ariwo lẹ́yìn títún ẹ́ńjìnnì tò fi ṣe pàtàkì. Ọlọ́kadà ti ra písítìn, ríìnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó ti san owó iṣẹ́. Ó ta ẹ́ńjìnnì, ohùn mìíràn sì ń jáde. Mẹkáníìkì kan lè sọ pé ara rẹ̀ ni ó jẹ́, pé yóò dákẹ́ bí ó bá rìn díẹ̀. Òmíràn lè fi sípánà fún tàpẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ títí ariwo náà yóò fi pa rẹ́. Ìdáhùn méjèèjì lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ohùn tuntun nínú ẹ́ńjìnnì ní ìdí, ó sì ní ìlànà tí a fi ń wá ìdí náà rí.

Irú ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni ó ní fáàfù tí kámù ń ṣí. Suzuki AX100, àti Jincheng AX100 tí ó jọ ọ́, tí wọ́n pọ̀ gan-an ní ojú pópó Nàìjíríà nígbà kan, ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù. Kò sí fáàfù tí kámù ń ṣí ní orí sílíńdà wọn. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ń dún lẹ́yìn títún un tò, kí mẹkáníìkì wá ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ písítìn, ríìnì tàbí bẹ́árìn.

Ẹ́ńjìnnì tí iṣẹ́ yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí ń ṣe iṣẹ́ ní ìpele mẹ́rin: ìfàmu, ìfúnpọ̀, ìbúgbàmù àti ìtújáde. Nínú ìfàmu, fáàfù àbáwọlé yóò ṣí kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé. Nínú ìfúnpọ̀ àti ìbúgbàmù, fáàfù méjèèjì gbọ́dọ̀ padé pinpin. Nínú ìtújáde, fáàfù àbájáde yóò ṣí kí èéfín lè gba inú sàìlẹ́ńsà jáde. Ìpele mẹ́rin yìí ń gba kí kránkì yí ní ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n fáàfù kọ̀ọ̀kan kì í ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ìgbà náà. Nítorí náà, kámù gbọ́dọ̀ yí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí kránkì bá yí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà lára kránkì bá ní eyín 14, ti kámù gbọ́dọ̀ ní 28.

Ọ̀nà méjì ni àwọn alùpùpù tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè yìí ń gbà yí kámù. Nínú Honda C70 àti Bajaj Boxer, kámù wà lókè nínú orí sílíńdà, ṣéènì gígùn kan sì ń gbé agbára láti ara kránkì lọ bá a. Nínú Honda CG125, tí ó jáde ní ọdún 1976, àti àwọn alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ṣe ní àwòkọ rẹ̀, kámù wà nísàlẹ̀ nínú àpótí ẹ́ńjìnnì. Gíà ni ó ń yí i, ọ̀pá gbọọrọ méjì sì ń ti rọ́kà lókè. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ni pé kò sí ṣéènì tí yóò na tàbí tí yóò jẹ ara rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni alùpùpù kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Ìyàtọ̀ yìí ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ń wá àléébù. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí orí sílíńdà ẹ́ńjìnnì oníṣéènì, táímìn kámù ti kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n tún un tò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí orí sílíńdà CG125 nìkan, eyín gíà kò kúrò lára ara wọn. Àyàfi bí wọ́n bá tú gíà kámù fúnra rẹ̀ ni táímìn fi lè ṣì. Ohun tí ó tètè máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọ̀pá tí ń ti rọ́kà kò jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀. Yóò máa lu ibi tí kò yẹ, ó sì lè tẹ̀.

Ìdí tí ààyè fi wà láàrin rọ́kà àti fáàfù

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ó rò pé ààyè tí ó wà láàrin rọ́kà àti ìdí fáàfù jẹ́ àléébù tí ó yẹ kí wọ́n pa rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Fáàfù àbájáde, tí iná ń gba ara rẹ̀ kọjá, máa ń gbóná ju àbáwọlé lọ. Bí kò bá sí ààyè kankan nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, fáàfù yóò gùn débi pé rọ́kà yóò máa tì í sílẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó padé. Ìfúnpọ̀ yóò máa jò. Ohun tí ó tún burú jù ni pé ìgbà tí fáàfù bá jókòó sí ìjókòó rẹ̀ ni ooru rẹ̀ ń rí ọ̀nà kọjá sínú orí sílíńdà. Fáàfù tí kò jókòó dáadáa kò lè tutù. Ètè rẹ̀ yóò jó, yóò sì là.

Ìwọ̀n ààyè náà kéré púpọ̀. Fún Honda C70, mìlímítà 0.05 ni fún fáàfù méjèèjì. Fún Honda CG125, mìlímítà 0.08 ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Láti mọ bí ìwọ̀n yìí ti kéré tó, abẹ ìfárungbọ̀n olójú méjì ní ìnípọn tí ó tó mìlímítà 0.1. Ẹni tí ó bá fi irú abẹ bẹ́ẹ̀ wọn ààyè C70 ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́, ariwo yóò sì tẹ̀lé e. Fílà gẹ́ẹ̀jì, ìyẹn àkójọ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, ni irinṣẹ́ tí ó tọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Láti inú àlàyé yìí, ó hàn gbangba pé ẹ́ńjìnnì tí ààyè tàpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé yóò máa dún díẹ̀. Ohùn kékeré tí ó dọ́gba, tí kò yí padà, jẹ́ àmì pé ààyè wà. Ìdákẹ́jẹ́ pátápátá ni ó yẹ kí ó ba mẹkáníìkì lẹ́rù.

Gbígbọ́ ohùn: ìbéèrè mẹ́ta

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ń fi ìró ṣàpèjúwe nǹkan. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wúlò nínú iṣẹ́ yìí ju "ó ń pariwo" lọ. Tàpẹ́ẹ̀tì tí ó tú máa ń dún tíkí-tíkí-tíkí, ohùn tí ó mú tí ó sì dọ́gba. Ṣéènì kámù tí ó dẹ̀ máa ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mi ìṣó nínú agolo. Bẹ́árìn kránkì tí ó ti jẹ máa ń dún gbì-gbì-gbì, ohùn tí ó wúwo tí ó sì wá láti ìsàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá lè ya ìró wọ̀nyí sọ́tọ̀ ti rin ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀.

Èkíní, báwo ni ohùn náà ti ń yára tó? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan yóò ṣí ní ìgbà 700. Nítorí náà, ohùn fáàfù máa ń lọ ní ìdajì ìyára kránkì. Etí kò lè ka iye yìí, ṣùgbọ́n ó lè fi ìyára kan wé èkejì, bí ẹni tí ó gbọ́ ìlù dáadáa ti ń ya omele sọ́tọ̀ kúrò lára ìyáàlù nígbà tí méjèèjì bá ń dún pọ̀.

Èkejì, nígbà wo ni ó ń dún? Ohùn tí ó pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí ó sì ń dín kù bí ó ti ń gbóná sábà máa ń jẹ́ ti písítìn tí ó ní ààyè púpọ̀ nínú sílíńdà. Ohùn tí kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń pọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná lè túmọ̀ sí pé ọ́ìlì kò dé òkè. Ohùn tí ó ń jáde nígbà tí ọlọ́kadà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ lára iná sábà máa ń jẹ́ ti ṣéènì tí ó dẹ̀.

Ẹ̀kẹta, níbo ni ó ti ń dún? Bí wọ́n bá fi orí sìkúrúdẹ́fà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì gbé etí lé ìdí rẹ̀, ohùn yóò gba inú irin náà wá. Ibi tí ó bá ti lágbára jù ni ó súnmọ́ orísun. Kí ẹni tí ń ṣe èyí ṣọ́ra fún sàìlẹ́ńsà tí ó gbóná àti fún ohun gbogbo tí ń yí.

Táímìn kámù ni ó yẹ kí ó ṣíwájú

Kò bọ́gbọ́n mu láti máa tún ààyè tàpẹ́ẹ̀tì ṣe nígbà tí táímìn kò tíì dájú. Bí kámù bá ṣì ní eyín kan ṣoṣo, àṣìṣe náà kò kéré. Lórí kẹ̀kẹ́ eléyín 28, eyín kan jẹ́ dígírì 12.9 lára kámù. Nítorí pé kránkì ń yí ní ìlọ́po méjì, ó di nǹkan bí dígírì 25.7 lára kránkì. Fáàfù yóò ṣí tàbí yóò padé ṣáájú tàbí lẹ́yìn àsìkò rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì yóò ṣòro láti ta, kíkì yóò rọ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, kabúrétọ̀ yóò máa sín, sàìlẹ́ńsà yóò máa bú, alùpùpù kò sì ní lágbára láti gun òkè. Bí eyín tí ó ṣì bá ju ẹyọ kan lọ, fáàfù lè lu orí písítìn kí ó sì tẹ̀.

Àmì méjì ni wọ́n fi ń to táímìn ẹ́ńjìnnì oníṣéènì. Àmì T lára máńẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dojú kọ àmì tí ó wà lára àpótí ẹ́ńjìnnì. Èyí fi hàn pé písítìn wà ní òkè téńté. Ní àkókò kan náà, àmì tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ eléyín kámù gbọ́dọ̀ dojú kọ àmì orí sílíńdà. Nínú C70, àmì kámù náà jẹ́ òbìrí kékeré bíi lẹ́tà O, ó sì ń dojú kọ ibi tí wọ́n gé wọlé lára orí sílíńdà. Nínú CG125, àmì ara gíà méjèèjì ni ó ń kọjú sí ara wọn.

Àṣìṣe mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni pé àmì F tún wà lára máńẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀gbẹ́ T. Ibi tí púlọ́ọ̀gì ti ń tan iná ni F ń tọ́ka sí, kì í ṣe òkè téńté. Ẹni tí ó bá fi F to kámù ti ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ apá tí ṣéènì dẹ̀ sí. Ìhà tí kránkì ti ń fa ṣéènì gbọ́dọ̀ le, kí gbogbo dídẹ̀ wà ní ìhà tẹ́ńṣánà, ìyẹn ohun tí ń fún ṣéènì. Bí mẹkáníìkì bá to àmì nígbà tí ìhà tí ń fà ṣì dẹ̀, àmì yóò pé lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tẹ́ńṣánà bá ti fún ṣéènì, kámù yóò yí kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó fi ọwọ́ yí kránkì ní ìgbà méjì gbáko, ní ìhà tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí, kí ó sì tún àmì méjèèjì wò kí ó tó dé ohunkóhun. Kí ó yọ púlọ́ọ̀gì kí ó tó ṣe èyí. Bí ó bá kan ibi tí kránkì ti há, kò gbọdọ̀ fi agbára yí i kọjá, nítorí pé ó lè jẹ́ fáàfù ni ó ti kan písítìn.

Àṣìṣe kẹta ni gbígba àmì gbọ́ láìdán an wò. Irin pẹlẹbẹ kékeré tí ń di máńẹ́ẹ̀tì mú lórí kránkì lè ti gé; nígbà náà àmì T yóò máa parọ́. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí wọ́n ti ọ̀pá ike tínrín gba ihò púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì rọra yí kránkì títí písítìn yóò fi gbé ọ̀pá náà dé ibi gíga jù lọ. Bí òkè téńté kò bá bá àmì T mu, máńẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹrin ni lílo ẹ̀yà tí kò bá ẹ́ńjìnnì mu. Kẹ̀kẹ́ eléyín tàbí kámù tí ó jọ ti àtijọ́ lójú lè ní àmì ní ibi mìíràn. Kí mẹkáníìkì tó ju ẹ̀yà àtijọ́ nù, ó yẹ kí ó gbé e lé tuntun kí ó fi iye eyín, ihò àti àmì wọn wéra.

Ààyè tàpẹ́ẹ̀tì àti òkè méjì

Lẹ́yìn tí táímìn bá ti dájú ni ọ̀rọ̀ ààyè tó kàn. Ibí yìí ni àṣìṣe tí ó fara pamọ́ jù lọ wà. Písítìn máa ń dé òkè téńté ní ẹ̀ẹ̀mejì láàrin ìpele mẹ́rin: ní ìparí ìfúnpọ̀ àti ní ìparí ìtújáde. Àmì T yóò pé ní ìgbà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìtújáde, fáàfù àbájáde kò tíì padé tán nígbà tí àbáwọlé ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Rọ́kà méjèèjì ń ti fáàfù díẹ̀, kò sì sí ààyè kankan níbẹ̀.

Bí mẹkáníìkì bá lọ wọn ààyè ní òkè yìí, fílà gẹ́ẹ̀jì kò ní wọlé. Yóò rò pé tàpẹ́ẹ̀tì le jù, yóò sì tú sìkúrúù títí irin yóò fi wọlé. Nígbà tí kámù bá yí dé ibi tí fáàfù yẹ kí ó padé, ààyè tí ó kù yóò ti pọ̀ ju ìwọ̀n lọ fíìfíì. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ké tíkí-tíkí bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Fáàfù kò ní ṣí tó bí ó ti yẹ, rọ́kà yóò sì máa lu ìdí rẹ̀ bí òòlù.

Ọ̀nà láti dá òkè méjèèjì mọ̀ rọrùn. Ní òkè ìfúnpọ̀, rọ́kà méjèèjì yóò mì díẹ̀ bí wọ́n bá fi ìka mì wọ́n. Bí wọn kò bá mì, kí wọ́n yí kránkì ní ìyípo kan gbáko títí T yóò fi padà, kí wọ́n sì tún dán wọn wò. Nígbà náà ni kí wọ́n ti fílà gẹ́ẹ̀jì bọ àárín. Ó yẹ kí ó lọ pẹ̀lú ìfà díẹ̀, láìhá. Bí wọ́n bá ti di nọ́ọ̀tì, kí wọ́n tún un wọ̀n, nítorí pé sìkúrúù sábà máa ń bá nọ́ọ̀tì yí.

Bí ààyè bá pé tí ariwo kò sì dín kù, kí wọ́n wo ojú rọ́kà. Bí ó bá ti jẹ tí ó sì ní ihò kékeré, irin pẹlẹbẹ gẹ́ẹ̀jì yóò gba orí ihò náà kọjá bí afárá, kò sì ní wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gẹ́ẹ̀jì yóò sọ pé ó pé, etí yóò sọ pé kò pé, òótọ́ sì ni etí ń sọ. Rọ́kà, ọ̀pá tí ó gbé rọ́kà, àti ibi tí ó yọ lára kámù ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú CG125, ibi kan ṣoṣo tí ó yọ lára kámù ni ó ń ṣí fáàfù méjèèjì. Bí ó bá jẹ, méjèèjì ni yóò kàn.

Àwọn ohùn tí ó ń tan etí jẹ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àléébù mélòó kan wà tí wọ́n máa ń dún bí fáàfù. Bí ojú ibi tí sàìlẹ́ńsà ti wọ orí sílíńdà bá ń jò, èéfín tí ń bẹ́ jáde yóò dún tíkí-tíkí bí tàpẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ta omi ọṣẹ sí ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn tí kò tíì gbóná, ìfófòó yóò fi ibi tí ó ń jò hàn.

Òmíràn ni tẹ́ńṣánà. Nínú irú èyí tí ń fún ṣéènì fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ọ̀pá inú rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó dè é mọ́ ara sílíńdà, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá gbàgbé láti tú u sílẹ̀, ṣéènì yóò máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Bí wọ́n bá dè é nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ ṣì yọ síta, yóò fún ṣéènì jù, yóò sì ba ara rẹ̀ jẹ́.

Èyí tí ó léwu jù ni àìtó ọ́ìlì. Gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì lè ṣàn wọ ihò tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì náà lè bo ihò ọ̀hún. Kámù àti rọ́kà yóò máa ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ, ohùn wọn yóò sì máa pọ̀ sí i bí ìṣẹ́jú ti ń gorí ìṣẹ́jú. Kí wọ́n ṣí ìdérí tàpẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́. Bí ọ́ìlì kò bá fara hàn níbẹ̀ láìpẹ́, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Tàpẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ó kàn nígbà náà.

Àpẹẹrẹ kan

Bí ọlọ́kadà kan bá gbé Boxer wá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ písítìn, ríìnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ó ní ẹ́ńjìnnì ń ké tíkí-tíkí láti ìgbà tí ó ti tàn, yálà ó tutù tàbí ó gbóná, ṣùgbọ́n tí ó ń ta dáadáa tí kò sì sín ní kabúrétọ̀, àlàyé tirẹ̀ nìkan ti ran mẹkáníìkì lọ́wọ́. Títa dáadáa kò jẹ́ kí ó jọ pé táímìn ni ó ṣì, ṣùgbọ́n yóò ṣì wo àmì kí ó lè dá a lójú. Àìyípadà ohùn láàrin òtútù àti ooru kò jẹ́ kí ó jọ ti písítìn tàbí ti ọ́ìlì. Omi ọṣẹ yóò yọ sàìlẹ́ńsà kúrò nínú ìfura. Bí ó bá wá ṣí tàpẹ́ẹ̀tì ní òkè ìfúnpọ̀, tí ó sì bá ààyè tí ó pọ̀ lára fáàfù méjèèjì bákan náà, ó ti rí i: ní òkè ìtújáde ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni, kò sì ní ra ẹ̀yà kankan. Ẹni tí kò tẹ̀lé ìlànà lè ti tú orí sílíńdà náà palẹ̀, kí ó ra kámù àti rọ́kà tuntun, kí ó tún wọn ààyè ní òkè kan náà, kí ariwo sì wà síbẹ̀.

Ariwo tí ó ń dákẹ́ fúnra rẹ̀

Bí wọ́n bá ti lọ fáàfù àti ìjókòó rẹ̀ nígbà títún ẹ́ńjìnnì ṣe, ojú méjèèjì yóò máa bá ara wọn jókòó sí i ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Fáàfù yóò wọ inú díẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò súnmọ́ rọ́kà, ààyè yóò sì dín kù. Ohùn tí ń ké lánàá lè dákẹ́ lónìí. Inú ọlọ́kadà yóò dùn pé ara ẹ́ńjìnnì ti balẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ààyè lè ti tán pátápátá, kí fáàfù àbájáde sì ti bẹ̀rẹ̀ sí jó. Àmì ìkẹyìn rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná yóò kọ̀ láti ta, kíkì yóò sì rọ̀. Igi gáńgáńrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ọlọ́kadà mú alùpùpù padà wá ní ìgbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí wọ́n tún ààyè wọ̀n ní òtútù, yálà ó ń dún tàbí kò dún.

Ìtumọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́

Ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ ni ó ń fi ojú àti etí kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Etí wọn máa ń mú, ìmọ̀ yìí kò sì ṣe é fi ṣeré. Ohun tí ó sábà máa ń kù ni ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí a ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé kí òun "fún tàpẹ́ẹ̀tì" ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ pé ooru ń mú fáàfù gùn yóò fún un dé ibi tí yóò fi jó. Èyí tí ó mọ àmì T ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ pé òkè téńté jẹ́ méjì yóò ṣe iṣẹ́ tí ó pé lójú tí kò sì pé nínú. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé ìpele mẹ́rin, ìdajì ìyára kámù àti ìwọ̀n ààyè láìsí ìdínkù kankan nínú ìmọ̀. Ó sì lè fi ọ̀rọ̀ oníró tí ọmọ iṣẹ́ ti ní lẹ́nu bẹ̀rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ètò ni wíwá orísun ariwo lẹ́yìn títún ẹ́ńjìnnì tò ń fẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn, kí wọ́n sì mọ ìyára, àsìkò àti ibi tí ó ti ń wá. Kí wọ́n rí i pé ọ́ìlì dé òkè. Kí wọ́n wádìí táímìn pẹ̀lú àmì méjèèjì lẹ́yìn ìyípo méjì. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wọn ààyè ní òkè ìfúnpọ̀, ní òtútù, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ó tọ́. Bí gbogbo èyí bá pé tí ohùn sì kù ni kí wọ́n tó ronú ríra ẹ̀yà tuntun. Fílà gẹ́ẹ̀jì kan kò wọ́n tó fáàfù kan, fáàfù kan kò sì wọ́n tó ọjọ́ tí ọlọ́kadà fi jókòó sílé. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wọn ààyè rẹ̀ dáadáa yóò máa dún díẹ̀, yóò sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.